Iṣẹ́ gbàjámọ̀ ní Èjìgbò: Èkù ni kí bàbá fi lé ọmọ lọ́wọ́, kì í ṣe abẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ẹnu àwọn tó ń parí ìjà àti àwọn tó ń pín ogún ni òwe yìí ti wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ fárí gbọ́dọ̀ jókòó fúnra rẹ̀, kó tẹ orí ba, kó sì jẹ́ kí ẹlòmíràn fi irin tó mú rìn ní àtàrí, ní ìpàkọ́ àti ní ọ̀fun rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń gba irú ìgbẹ́kẹ̀lé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ láwùjọ. Nítorí náà, bí a bá dárúkọ onígbàjámọ̀ fún àgbàlagbà, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé ọmọ ta ni.

Ní Èjìgbò, ìlú Ògìyán tó wà láàárín Ìwó, Ẹdẹ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti ní àwọn ìlú tó yí i ká bíi Màsífà àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ohun tí bàbá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ abẹ kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gẹrun lọ, àwọn mìíràn sì ń sá fún abẹ nítorí àrùn inú ẹ̀jẹ̀. Ìbéèrè kan wà nílẹ̀ fún ìdílé tó bá ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà: kí ni ó yẹ kí bàbá fi lé ọmọ lọ́wọ́, kí sì ni ó yẹ kó dá dúró lọ́dọ̀ ara rẹ̀?

Ta ni onígbàjámọ̀?

Gbàjámọ̀ ni iṣẹ́ kí a máa fi abẹ fá irun orí àti irùngbọ̀n. Ó yàtọ̀ sí iṣẹ́ onígẹrun, tó ń fi àlùmọ́gàjí tàbí ẹ̀rọ gé irun kù. Ó tún yàtọ̀ sí iṣẹ́ olóòlà, ìyẹn àwọn tó ń kọ ilà ojú àti ilà abẹ́. Síbẹ̀, mọ̀lẹ́bí ni olóòlà àti onígbàjámọ̀. Abẹ ni irinṣẹ́ àwọn méjèèjì, Ògún ló ni irin tí wọ́n ń lò, ìdílé sì ni ilé ẹ̀kọ́ wọn.

Láàárín àwọn Hausa, ẹnì kan náà tí wọ́n ń pè ní wanzami ló ń fárí, tó ń kọlà, tó sì ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀. Ogún bàbá ni iṣẹ́ yìí jẹ́ fún púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n gbé àpò irinṣẹ́ wọn kọ́ èjìká dé àwọn ìlú Yorùbá, pàápàá àdúgbò Sábó, débi pé àwọn kan rò pé Hausa nìkan ló ń fi abẹ fárí. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ààfin Aláàfin Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, àwọn ìránṣẹ́ ọba kan wà tí wọ́n ń pè ní ìlàrí. Orí tí wọ́n là ni wọ́n fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀: wọ́n a fá apá kan orí wọn, wọ́n a sì dá apá kejì sí. Ẹni tó bá pàdé wọn lójú ọ̀nà kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé iṣẹ́ ọba ni wọ́n ń jẹ́. Samuel Johnson kọ nípa wọn nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ẹni tí yóò fá orí ìlàrí, tí ilà àárín orí náà yóò gún régé, kì í ṣe ẹni tó kàn ra abẹ lọ́jà lánàá.

Ìgbà tí orí ń wá abẹ

Ìdí kan tí ẹ̀rọ ìgẹrun kò fi tíì lé abẹ kúrò nílẹ̀ ni pé àwọn ìgbà kan wà láyé ẹ̀dá tó jẹ́ pé gígé irun kù kò tó. Irun náà gbọ́dọ̀ lọ pátápátá.

Àkọ́kọ́ ni ìkómọ. Láàárín àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ ní Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀, sùná ni kí wọ́n fá irun tí ọmọ gbé wá láti inú ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ keje, tí í ṣe ọjọ́ kẹjọ bí a bá ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ń kà á. Wọ́n a wọn irun náà, wọ́n a sì fi iye fàdákà tó wúwo tó o ṣe sàárà. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù kò fẹ́ kí wọ́n fá apá kan orí ọmọ kí wọ́n sì fi apá kan sílẹ̀, nítorí náà abẹ gbọ́dọ̀ yí orí náà ká délẹ̀.

Èkejì ni ọ̀fọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé, àwọn ọmọ a máa fárí nígbà tí bàbá tàbí ìyá wọn bá papòdà, àwọn opó náà a sì máa fárí. Ẹ̀kẹta ni ti òrìṣà. Ẹni tó bá fẹ́ gba òrìṣà, orí rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ tọ́jú, nítorí orí ni wọ́n ń gbé òrìṣà lé. Ọmọ dàda ni ọwọ́ abẹ kì í déédéé kàn. Wọ́n ní ohun tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó fá irun rẹ̀.

Bí a bá wo àwọn àkókò wọ̀nyí, a ó rí i pé ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wọn: ẹnu ọ̀nà ayé, ẹnu ọ̀nà ikú, ẹnu ọ̀nà òrìṣà. Onígbàjámọ̀ ló ń dúró sí ẹnu ọ̀nà náà pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́. Bó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, kò sẹ́ni tó máa rántí rẹ̀. Bó bá ya orí ọmọ tuntun níwájú àwùjọ, kò sẹ́ni tó máa gbàgbé.

Abẹ alágbẹ̀dẹ àti abẹ fẹ́lẹ́

Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ni abẹ ti kọ́kọ́ ń jáde: irin pẹlẹbẹ tí wọ́n rọ, tí wọ́n sì pọ́n títí ẹnu rẹ̀ fi mú. Lẹ́yìn náà ni abẹ òyìnbó tó ń ká wọ inú èkù dé, irú èyí tí ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ìlú Solingen ní Jámánì ti gbajúmọ̀ fún. Abẹ bẹ́ẹ̀ a máa pẹ́ ju ẹni tó ni ín lọ, bí wọ́n bá ń pọ́n ọn, tí wọn kò sì jẹ́ kó dógùn-ún. Ìdí nìyí tó fi rọrùn fún bàbá láti fi sílẹ̀ fún ọmọ.

Amẹ́ríkà ni àyípadà ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1901, King Camp Gillette dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Boston. Ohun tó gbèrò ni abẹ fẹ́lẹ́ tí kò wọ́n, tí èèyàn yóò lò títí ẹnu rẹ̀ yóò fi kú, tí yóò sì sọ nù dípò kó máa pọ́n ọn. Ní ọdún 1903 tó kọ́kọ́ gbé e jáde fún títà, èkù 51 àti abẹ 168 péré ló tà. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba wọn ra nǹkan bí èkù 3,500,000 fún àwọn ọmọ ogun. Láti ìgbà náà ni ọkùnrin káàkiri ayé ti ń fá irùngbọ̀n ara wọn nílé.

Àyípadà yìí dé inú ilé gbogbo. Bàbá tí ìbá lo ọdún púpọ̀ láti kọ́ ọmọ rẹ̀ ní pípọ́n àti fífá lè fi òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo fi hàn án bí wọ́n ṣe ń lo abẹ fẹ́lẹ́. Ọwọ́ àwọn tó fi ṣe iṣẹ́ ṣe nìkan ni ìmọ̀ tó jinlẹ̀ náà wá kù sí.

Ohun tí ọmọ ń kọ́ lẹ́sẹ̀ bàbá

Yorùbá ní bó ti wù kí abẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ̀kọ́ gbàjámọ̀ dá lórí òwe yìí. Abẹ kò mọ nǹkan kan. Ọwọ́ tó dì í mú ló mọ̀.

Pípọ́n ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń tẹ́ abẹ sórí òkúta ìpọ́nbẹ, kí ẹ̀yìn rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ jọ kan òkúta lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn òkúta, a ó fa abẹ lórí awọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò sì ṣáájú, kí ẹnu rẹ̀ lè jọ̀lọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé abẹ tó mú ló léwu. Abẹ tó ti kú ló léwu jù, nítorí pé èèyàn á máa fi agbára tẹ̀ ẹ́, ibi tí agbára bá sì ti wọ ọ̀rọ̀ abẹ, ẹ̀jẹ̀ kì í jìnnà.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ti irun fúnra rẹ̀. Irun gbígbẹ a máa le. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ló ń mú un rọ̀, nítorí náà onígbàjámọ̀ tó mọṣẹ́ kì í kánjú kúrò nídìí ọṣẹ.

Ẹ̀kọ́ kẹta wà ní ọwọ́ òsì. Ojú gbogbo èèyàn ń wo ọwọ́ ọ̀tún tó di abẹ mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ló ń fa awọ orí le kó má baà ká jọ síwájú abẹ. Abẹ kì í dúró gbọnrangandan, kì í sì í sùn pátápátá. Ó máa ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 30 dìgírì, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì kúrú bó ti ń lọ.

Ẹ̀kọ́ kẹrin ni ibi tí irun kọjú sí. Irun àwa adúláwọ̀ a máa ká. Bí a bá fá a lòdì sí ibi tó kọjú sí, tí a sì gé e wọlé jù, ẹnu irun náà yóò yí padà wọ inú awọ nígbà tó bá tún ń hù, ibẹ̀ yóò sì wú di àwọn kókó kéékèèké tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń pè ní bọ́ǹpù. Ìṣòro yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn adúláwọ̀ níbi gbogbo tí wọ́n bá wà, àwọn dókítà awọ ara sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìmọ̀ràn wọn kò jìnnà sí ti onígbàjámọ̀: fá a bó ṣe sùn, má sì wá a wọlé.

Orí ọmọ tuntun ló kẹ́yìn. Àwùjẹ̀ ọmọ ọjọ́ méje kò tíì pa dé. Kò sí egungun lábẹ́ ibẹ̀, bó bá sì ń mí, ojú ń rí i. Ọ̀gá tó mọ ohun tó ń ṣe kì í gbé irú orí bẹ́ẹ̀ lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ àyàfi tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀. Níbí ni a ti lè rí ìdí tí iṣẹ́ yìí fi wà nínú ìdílé. Àṣìṣe ọmọ, bàbá ló ń ru ú. Bí ọmọ bá ya orí oníbàárà, ẹnu ọ̀nà bàbá ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ wá. Nítorí náà, bàbá kì í yára sọ pé ọmọ ti mọṣẹ́.

Ohun tí àwọn bàbá ńlá kò mọ̀

Ohun kan wà tí ọwọ́ tó dára jù lọ kò lè wò. Láyé àtijọ́, abẹ kan náà ló máa ń ti orí dé orí. Wọ́n a fi omi inú abọ́ kan ṣan án, wọ́n a fi aṣọ nù ún, ó ti di ti ẹlòmíràn nìyẹn. Kì í ṣe ìwà ọ̀bùn. Wọn kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tó kéré débi pé ojú kò lè rí i lè gbé àrùn ni.

Ní ọdún 1986 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde àrùn éèdì ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ni kò gbà á gbọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikóyè Ransome-Kuti tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, jáde sọ ní gbangba pé éèdì ló pa á. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni ìkìlọ̀ nípa abẹ wọ gbogbo ilé: ẹ má ṣe lo abẹ tí ẹlòmíràn ti lò.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ ni, àrùn mẹ́dọ̀wú, irú èyí tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítíìsì B, ló yẹ kí ó ba èèyàn lẹ́rù jù. Kòkòrò HIV kì í pẹ́ kú tó bá ti kúrò nínú ara. Kòkòrò mẹ́dọ̀wú yìí lè wà láàyè lára irin fún ọjọ́ méje, ó kéré tán. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé ó ju ènìyàn mẹ́jọ lọ nínú ọgọ́rùn-ún, láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64, tó ní in lára. Púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀, nítorí ó lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfi ara hàn kó tó ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Onígbàjámọ̀ tó bá fá orí mẹ́tàlá, ó ṣeé ṣe kí ó ti bá ẹnì kan tó ní in pàdé. Bó bá jẹ́ abẹ kan náà ló fi fá gbogbo wọn, ewu wà fún gbogbo àwọn tó jókòó lẹ́yìn ẹni náà. Ewu wà fún òun pàápàá àti ọmọ tó ń bá a pọ́n abẹ, nítorí wọ́n a máa fi abẹ ya ìka ara wọn. Kẹrosíìnì, omi ọsàn àti omi gbígbóná inú abọ́ kò lè yọ ọ́ kúrò lára abẹ.

Àwọn ọmọ Ògìyán ní òkè òkun

Ibòmíràn wà tí irú ìṣòro yìí ti dé, tó sì kan Èjìgbò lọ́nà kan. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil gbé Òrìṣà Ògìyán dání. Oxaguiã ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ sì so ó mọ́ Èjìgbò títí di òní. Nínú ẹ̀sìn Candomblé, ẹni tó bá fẹ́ gba òrìṣà gbọ́dọ̀ fárí, wọ́n a sì sín in ní gbẹ́rẹ́. Abẹ ni wọ́n ń fi ṣe é.

Nígbà tí àrùn éèdì gbilẹ̀ ní Brazil, àwọn ilé òrìṣà rí i pé ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n. Wọn ò sọ pé kí ìfárí dópin, nítorí láìsí ìfárí kò sí ìyàwó òrìṣà. Ohun tí àwọn tó ń la àwọn ilé òrìṣà lọ́yẹ̀ tẹnu mọ́ ni pé kí olúkúlùkù ní abẹ tirẹ̀: orí kan, abẹ kan. Ìfárí náà wà bó ti wà. Abẹ ni wọ́n pààrọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ogún ni à ń jẹ

Ọ̀rọ̀ olóòlà náà kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ ìdílé ni tiwọn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n òfin ti gba apá kan lára rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ ilà sí ọmọdé lára. Òfin ọdún 2015 tó lòdì sí ìwà ipá sọ pé ẹni tó bá dá abẹ́ fún obìnrin lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin tàbí kó san owó ìtanràn 200,000 náírà. Ọmọ olóòlà tó bá ní ohun tí bàbá òun ń ṣe ni òun ń ṣe kò ní rí ibi sá sí níwájú adájọ́.

Èyí fi hàn pé ogún iṣẹ́ kì í ṣe ẹrù tí a di pa. Ọmọ lè tú u wò, kó mú ohun tó ń gbé ẹ̀mí ró, kó sì fi èyí tó ń pani lára sílẹ̀, láìjẹ́ pé ó kẹ́gàn bàbá rẹ̀.

Èkù àti abẹ

Ọ̀nà àbáyọ fún onígbàjámọ̀ kò le rárá. Èkù kan wà lọ́jà tó rí gẹ́lẹ́ bí abẹ òyìnbó àtijọ́, tó ń ká bíi tirẹ̀, àmọ́ tó jẹ́ pé abẹ fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń ki bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n a ṣẹ́ abẹ fẹ́lẹ́ kan sí méjì, wọ́n a fi ìdajì kan fárí, wọ́n a sì yọ ọ́ dànù kí ẹlòmíràn tó jókòó. Ọwọ́ tí bàbá kọ́ ọmọ ni yóò ṣì lò: dídà abẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, fífa awọ le, títẹ̀lé ibi tí irun kọjú sí. Òkúta ìpọ́nbẹ nìkan ló máa sinmi.

Ẹni tó bá fẹ́ máa lo abẹ bàbá rẹ̀ nítorí iyì rẹ̀, kó lò ó fún orí ara rẹ̀ nìkan. Bó bá gbọ́dọ̀ kan ẹlòmíràn, kó fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ mọ́, kó sì sè é nínú omi tó ń hó fún ogún ìṣẹ́jú gbáko. Fún èkù àti àwo irinṣẹ́, omi bílíìṣì ìwọ̀n kan sí omi lásán ìwọ̀n mẹ́sàn-án, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò ṣe iṣẹ́, àmọ́ kí wọ́n fi omi ṣan án lẹ́yìn náà kó má baà dógùn-ún. Inú agolo ni kí abẹ tí wọ́n ti lò máa wọ̀, kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ọmọdé ń rìn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú wà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àgbàlagbà sábà máa ń gbà á. Bàbá tó bá ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní gbàjámọ̀ tí kò mú un lọ gba abẹ́rẹ́ náà kò tíì kọ́ ọ tán.

Iṣẹ́ wà fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, pàápàá ní Àbíjàn, wọ́n sì ń padà wálé fún ọdún, fún ìkómọ àti fún ìsìnkú. Ẹni tó ti ń fi ẹ̀rọ gẹrun lọ́hùn-ún láti ọdún dé ọdún, nígbà tí bàbá rẹ̀ bá lọ, tàbí tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ, yóò tún wá ẹni tó mọ abẹ lò. Bí kò bá rí ọmọ ẹni tó mọ̀, ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ni orí náà yóò bọ́ sí.

Ojúṣe ẹni tó jókòó náà wà níbẹ̀. Kó béèrè abẹ tuntun, kó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i bí wọ́n ṣe ń tú u kúrò nínú bébà. Onígbàjámọ̀ tó mọyì ilé rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí. Òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ na abẹ náà síwájú kí oníbàárà rí i. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Kí olórí náà la ojú rẹ̀ sílẹ̀.